Khutbah Jímọ̀: Ọmọkùnrin, Ọmọbìnrin àti Ojú Òpó Ayélujára ní Àwọn Yunifásítì Ilẹ̀ Lárúbáwá

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ọkùnrin, tí Ó dá obìnrin, tí Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú, etí àti ọkàn, tí yóò sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe lò wọ́n. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì wa Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn dáradára títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun, ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ òní ni pé ní Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a kírun tán, bàbá kan láàrin wa tọ̀ wá wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gba ìwé ìgbàwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Káírò. Inú bàbá náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, “Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ lórí mínbárì kí ọmọ náà gbọ́. Kí ó pa gbogbo ojú òpó tí ó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́ kí ó tó wọ bàálù.” A ní, “Alhaji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́, èyí tí ó ti wà ní Káírò láti ọdún méjì? Ṣé òun náà ti pa tirẹ̀ rẹ́?” Bàbá náà wò wá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ní, “Ìyẹn ọkùnrin ni, Àáfà.”

Gbólóhùn yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, a ó sì gbé e yẹ̀wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Lárúbáwá fúnra wọn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni à ń rán àwọn ọmọ wa lọ, sí Al-Azhar ní Káírò àti sí Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mẹ̀dínà. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ohunkóhun tí ará Lárúbáwá bá ti ṣe, ẹ̀sìn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 22 ni ó wà nínú Àjọ àwọn Orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Ìṣe ọmọ Beirut kì í ṣe ìṣe ọmọ Riyadh. Àwọn Lárúbáwá tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá wà, ní Lẹ́bánónì, ní Síríà, ní Jọ́dánì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí ibi tí a kò gbé e dé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009 ni Facebook ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí ènìyàn lè lò ní èdè Lárúbáwá. Ṣáájú ìgbà náà, lẹ́tà àwọn Òyìnbó ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ èdè wọn lórí fóònù, wọn a sì fi nọ́ńbà 3 dípò lẹ́tà ayn, nọ́ńbà 7 dípò ha, nítorí pé wọ́n jọra lójú. (Àwọn ọmọ ilé kéú wa kan náà ti kọ́ ọ.) Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2011, Dubai School of Government, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso kan ní Dubai, gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé nínú àwọn tí ń lo Facebook ní ilẹ̀ Lárúbáwá, àwọn obìnrin kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé, bí a bá wo gbogbo ayé, àwọn obìnrin tó ìdajì. Ẹ wá wò ó: ní Kuwait àti ní Qatar, àwọn ọmọbìnrin ni ó pọ̀ jù ní yunifásítì. Wọ́n pọ̀ nínú kíláàsì, wọ́n kéré lójú òpó. Ibo ni wọ́n wà?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn. Bí ẹ bá wo ojú ewé akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan ní ilẹ̀ Saudi tàbí ní Kuwait, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ẹ̀yà rẹ̀, ẹ ó rí ojú rẹ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ń tì lẹ́yìn, àti ohun tí ó ní lọ́kàn nípa ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Arábìnrin rẹ̀, tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà, tí ó lè jẹ́ pé òun ni ó mọ̀wé jù ú lọ, yóò kọ orúkọ kan ṣoṣo láìsí ti ìdílé, tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní Ummu Lágbájá nígbà tí kò tíì bímọ rárá, tàbí kí ó fi orúkọ tí ó ti ara òṣùpá tàbí aṣálẹ̀ jáde bo ara rẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, òdòdó ni ẹ ó rí, tàbí ife kọfí, tàbí àwòrán ọmọdé inú eré, tàbí ọwọ́ tí wọ́n fi làálì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹlòmíràn ní ojú ewé méjì: ọ̀kan tí àwọn olùkọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ lè wò, èkejì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin mélòó kan péré. Ọ̀kan nínú ohun tí ó jẹ́ kí Snapchat gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Saudi ni pé àwòrán rẹ̀ a máa pòórá lẹ́yìn tí a bá ti wò ó. Bí ìgbéyàwó bá sì wà, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn obìnrin, wọn a máa gba fóònù tí ó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ àlejò, nítorí àwòrán kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ lè di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹ̀yà.

Lótìítọ́, nǹkan ń yí padà. Láti bí ọdún 2018 sí ìsinsìnyí, àwọn ọmọbìnrin Saudi tí ń fi ojú wọn hàn lójú òpó pọ̀ sí i ju ti àtijọ́ lọ, ti Lẹ́bánónì àti Túnísíà sì ti ń fi tiwọn hàn tipẹ́. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ náà yàtọ̀. Ní Kuwait, ọ̀dọ́kùnrin ní dīwāniyya, iyàrá àlejò tí àwọn ọkùnrin ti ń péjọ lálaalẹ́, tí wọ́n ti ń mu tíì, tí wọ́n ti ń jiyàn ìṣèlú. Ó ní ilé kọfí, ó ní ọkọ̀ tí ó lè wà kiri. Fóònù kàn jẹ́ àfikún fún un ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, fóònù ni dīwāniyya ọmọbìnrin. Níbẹ̀ ni ó ti ń bèèrè iṣẹ́ kíláàsì, níbẹ̀ ni ó ti ń kí ìyá rẹ̀ àgbà tí ó wà ní ìlú mìíràn, níbẹ̀ ni ó ti ń ta abáyà, àkàrà òyìnbó àti tùràrí láìjáde nínú ilé, tí ó sì ń rí owó ìwé. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kí ó pa fóònù rẹ̀ dé, kì í ṣe eré ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá ìpàdé rẹ̀ ni ó tì, ó sì ti ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ṣé ìtìjú ni òdòdó tí ó wà níbi tí ojú yẹ kí ó wà, tàbí ẹ̀rù? Bí ó bá jẹ́ ìtìjú, a yìn ín, nítorí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka ìtìjú mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́, kò sì sọ pé ti obìnrin nìkan ni. Òun fúnra rẹ̀, ọkùnrin ni, àwọn sàhábà sì ròyìn pé ìtìjú rẹ̀ ju ti wúńdíá inú gàá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Ààrin ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni ìtìjú wà. Ẹ̀rù, ẹlòmíràn ni ó ń dá a báni. Bí ọmọbìnrin bá fi ojú pamọ́ nítorí Ọlọ́hun, ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí ó bá fi pamọ́ nítorí pé ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ lè jí àwòrán rẹ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹlòmíràn, kí ó sì fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀, ọrùn ẹlòmíràn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà sì wà.

Ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ níhìn-ín. Orúkọ obìnrin kì í ṣe ìhòòhò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Íjíbítì àti ní ilẹ̀ Saudi, ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ ìyá rẹ̀ ní gbangba, ojú a máa tì í. Àṣà ni, ẹ̀sìn kọ́. ‘Amr ọmọ al-‘Āṣ bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ nínú àwọn ènìyàn, orúkọ Áíṣà ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀, láìṣe àdàbà-sọ́ná kankan. Áíṣà yìí, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, àwọn onímọ̀ ka hádíìsì 2,210 tí ó gba ọwọ́ rẹ̀ wá. Láti ẹ̀yìn gàgá ni ó ti kọ́ àwọn ọkùnrin. Wọn kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó bá tọ́ àṣìṣe wọn sọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó bá fẹ́ fi orúkọ bàbá tí ó bí i sábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ayélujára kò tíì rú òfin kankan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ọkùnrin. Ọkùnrin kan wá yọjú wo inú yàrá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun láti ojú ihò. Ìyarí irin kan wà lọ́wọ́ Òjíṣẹ́ tí ó fi ń họ orí rẹ̀. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé, bí òun bá ti mọ̀ pé ó ń yọjú ni, òun ìbá ti fi irin náà gún un lójú, àti pé nítorí ojú gan-an ni a ṣe pa títọrọ àṣẹ kí a tó wọlé ẹlòmíràn láṣẹ. Bukhari gbà á wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná tó, láti ẹnu ẹni tí Ọlọ́hun rán ní àánú sí gbogbo ẹ̀dá! Ihò tí ọmọ wa ń gbà yọjú lónìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ń fi orúkọ obìnrin wọ ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin dá sílẹ̀ fún ara wọn, tí wọ́n fi òdòdó síbi tí ojú ń wà gẹ́gẹ́ bí tiwọn, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn kò ní àṣẹ láti rí. Aṣọ ìbora àwọn ọmọbìnrin náà ni wọ́n jí, tí wọ́n fi wọlé lé wọn lórí.

Ẹ ṣí Súrà An-Nūr. Ẹ ka áyà 30, kí ẹ tó ka 31. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ 31 lórí, nítorí òun ni a máa ń kà nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ àwọn obìnrin wa. Ṣùgbọ́n 30 ni ó ṣáájú, àwọn onígbàgbọ́ ọkùnrin ni Ọlọ́hun sì pàṣẹ nínú rẹ̀ fún Òjíṣẹ́ Rẹ̀ pé kí ó sọ fún: kí wọ́n rẹ ojú wọn nílẹ̀, kí wọ́n sì ṣọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó kan àwọn obìnrin. Ọlọ́hun kì í ṣe àṣìṣe nínú ètò ọ̀rọ̀ Rẹ̀. Mélòó nínú àwa tí a ń gun mínbárì ni ó ti ṣe khutbah odidi lórí áyà 30? Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a wo àwọn ìwé wa ti àtẹ̀yìnwá. Nínú wọn, a rí mẹ́rin lórí aṣọ obìnrin, a kò rí ẹyọ kan lórí ojú ọkùnrin. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun.

Ní Hájì Ìdágbére, ọdún 10 lẹ́yìn Hijira, al-Faḍl ọmọ al-‘Abbās gun ràkúnmí lẹ́yìn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọ̀dọ́kùnrin arẹwà ni. Obìnrin kan láti ẹ̀yà Khath‘am wá, ó ní ìbéèrè: bàbá òun ti darúgbó, kò lè jókòó lórí ẹran gígùn mọ́, ṣé òun lè ṣe Hájì dípò rẹ̀? Al-Faḍl bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin náà, obìnrin náà sì ń wò ó. Kí ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe? Kò lé obìnrin náà. Kò sọ pé kí ó padà sílé, kí ó rán ọkùnrin wá. Kò bi í léèrè ohun tí ó mú un jáde. Ọwọ́ ni ó fi yí ojú al-Faḍl sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì dá obìnrin náà lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó ṣe Hájì fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí al-‘Abbās bèèrè ìdí tí ó fi yí ọrùn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ó ní ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ni òun rí, ọkàn òun kò sì balẹ̀ sí Ṣàítánì lórí wọn. Ojú méjì ni ó ń wo ara wọn. Ọrùn ẹni tí ó sún mọ́ ọn, tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, tí àṣẹ rẹ̀ ká, ni ó yí. Ìbéèrè obìnrin náà sì rí ìdáhùn, Mùsùlùmí sì ń ṣe Hájì fún àwọn òbí wọn tí ó ti darúgbó títí di òní nípasẹ̀ ìbéèrè yẹn.

Àwa ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Obìnrin tí ó ní ìbéèrè ni à ń lé lọ sílé, a sì fi al-Faḍl tiwa sílẹ̀ kí ó máa wòran.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, lójú ọ̀sán gangan, nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Mansoura ní Íjíbítì, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan fi ọ̀bẹ pa ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ti fẹ́ ẹ, ọmọbìnrin náà sì kọ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ ránṣẹ́ sí i léraléra lórí fóònù, ọmọbìnrin náà ti dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn lójú òpó, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti fi ẹjọ́ sùn. Ilé ẹjọ́ dá ikú fún apànìyàn náà. Ṣùgbọ́n kí omijé ìyá tó gbẹ, àwọn kan ti wà lójú òpó kan náà tí wọ́n ń bèèrè irú aṣọ tí olóògbé wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Al-Azhar ti sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2018 pé hàráàmù ni kí ọkùnrin máa yọ obìnrin lẹ́nu, àti pé aṣọ obìnrin, irú èyí tí ó wù kí ó jẹ́, kì í ṣe àwáwí. Ilé ìmọ̀ tí a ń rán ọmọ wa lọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé má ṣe mú òmíràn wá fún wa.

Ní ìparí ọdún 2021, ní agbègbè Gharbia, ọmọbìnrin ọdún 17 kan tí kò tíì dé yunifásítì pàápàá pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi àwòrán ayédèrú dúnkookò mọ́ ọn, tí wọ́n sì tàn án ká ìlú. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà òun gbọ́ pé kì í ṣe òun ni ó wà nínú àwọn àwòrán náà. Ilé ẹjọ́ rán àwọn tí ó ṣe é lẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ ro lẹ́tà yẹn wò. Ohun tí ọmọ náà ń tọrọ kò ju pé kí àwọn tí ó bí i gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin fẹ́ sọ̀rọ̀, ìbòjú ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní oṣù keje ọdún 2020, Nadeen Ashraf, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22 ní American University in Cairo, ṣí ojú ewé kan lórí Instagram láìfi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kó ẹ̀sùn àwọn obìnrin jọ nípa ọkùnrin kan tí ó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ jáde láti jẹ́rìí. Ìjọba gbé ẹjọ́ náà, ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin náà lẹ́bi, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún náà, Íjíbítì ṣe òfin tí yóò máa dáàbò bo orúkọ àwọn tí wọ́n bá mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wá. Ilẹ̀ Saudi ti ní òfin láti ọdún 2007 tí ó ka fífi kámẹ́rà fóònù tú àṣírí ẹlòmíràn sí ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí àwòrán ti jáde.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣé obìnrin kò ní ẹ̀bi tirẹ̀ ni?” Ó ní. Àwọn àgbà wa ní bí a ti ń bá ajá wí ni kí a máa bá ẹran wí. Ní Súrà Al-Ḥujurāt, áyà 11, lẹ́yìn tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún gbogbo ènìyàn láti máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, Ó tún dá àwọn obìnrin dárúkọ lọ́tọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni ó máa ń gbé àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wọ híjáàbù, èyí tí wọ́n yà níbi ayẹyẹ àwọn obìnrin nìkan, jáde nígbà tí ìjà bá dé? Ọkùnrin kò sí níbẹ̀. Ta ni ó ń wo ẹ̀wà ayédèrú ojú fóònù láti àárọ̀ di alẹ́ títí tí ojú tí Ọlọ́hun fún un fi di ohun ìkórìíra fún un? Nígbà tí wọ́n parọ́ mọ́ Áíṣà pàápàá, Ḥamna tí ó jẹ́ obìnrin wà lára àwọn tí ó gbé e kiri, wọ́n sì nà án pẹ̀lú Misṭaḥ àti Ḥassān tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n Zaynab ọmọ Jaḥsh, ìyàwó Òjíṣẹ́, orogún Áíṣà, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Ḥamna yìí kan náà, nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ bí kò ṣe dáadáa. Àǹfààní wà fún un láti sọ òmíràn. Kò sọ ọ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn náà, kí ẹni tí ó rí ẹ̀sùn lójú òpó, ìbáà jẹ́ sí ọkùnrin ìbáà jẹ́ sí obìnrin, má ṣe tún un fi ránṣẹ́ kí ó tó dá a lójú. Ẹgba 80 ni Ọlọ́hun gé fún ẹni tí ó bá fi àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́ tí kò sì mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, fóònù kò sì sọ ọ́ di òkúta.

A padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ó má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ó ń lọ sí ilẹ̀ àjèjì nílò ọ̀nà tí yóò máa fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti yí àkókò ìdánwò padà. Kí ó kọ́ ọ bí yóò ṣe ti ilẹ̀kùn ojú ewé rẹ̀, ẹni tí yóò jẹ́ kí ó wọlé àti ẹni tí kò ní jẹ́ kí ó wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ó pè é jókòó, kí ó sọ fún un pé ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán dúnkookò mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́, bàbá ni kí ó kọ́kọ́ pè, lóru tàbí lọ́sàn-án, àti pé bàbá kò ní pariwo. Nítorí ohun tí adúnkookò fi ń jẹun ni ìbẹ̀rù pé bàbá yóò gbọ́. Bí bàbá bá ti gbọ́ ṣáájú, kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

A sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tí ó ń tọrọ àṣẹ láti ṣe àgbèrè. Òjíṣẹ́ fà á mọ́ra, ó bi í bóyá yóò fẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún arábìnrin rẹ̀. Irú ìbéèrè tí bàbá lè bi ọmọ nìyẹn láìjẹ́ pé ó nà án.

Bàbá náà wà láàrin wa lónìí, ó sì ti gbà kí a sọ ọ́. Ní alẹ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Káírò. Ó bi í pé, “Àwọn wo ni ò ń wò lórí fóònù rẹ? Bí àbúrò rẹ bá dé ọ̀hún, tí ẹlòmíràn ń wò ó bí o ṣe ń wò wọ́n, ṣé wàá gbà?” Ó ní ọmọ náà dákẹ́ títí, òun fi rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.” Òwúrọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun Àsùbáà, ó pè padà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Ìwọ Ọlọ́hun, rẹ ojú wa nílẹ̀ kúrò níbi ohun tí O kọ̀. Bo àṣírí àwọn ọmọbìnrin wa, tún ọkàn àwọn ọmọkùnrin wa ṣe, kí O sì ṣọ́ àwọn tí ó wà ní ìrìn-àjò ìmọ̀ nínú wọn. Forí jin ọmọbìnrin Mansoura àti ọmọbìnrin Gharbia, fún àwọn òbí wọn ní sùúrù. Forí jì wá, àwa tí a ti dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀. Āmīn.

Ẹ tò, kí ìlà yín gún. Ẹ gbé ìrun dúró.